Bí a ṣe ń yẹ hámà àti séfútì ìbọn onílífà wò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìbọn mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi lónìí. Àkọ́kọ́ ni Rossi 92 tí wọ́n ṣe ní Bràsíìlì. Èkejì ni Winchester 1892 tí ilé-iṣẹ́ Miroku ń ṣe ní Jàpáànù. Ẹ̀kẹta sì ni Marlin 336 ti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ọpọlọ John Browning, ọmọ Amẹ́ríkà tó máa ń ṣe àgbékalẹ̀ ìbọn, ni wọ́n wò ṣe méjì àkọ́kọ́. Ìbọn tirẹ̀ ti 1892 kò ní séfútì kankan, ìyẹn ohun tí a ń tì kí ìbọn má baà yìn; hámà nìkan, irin ẹ̀yìn ìbọn tó ń gbá síwájú láti yìn ín, ni ọdẹ gbójú lé. Àwọn tó ń ṣe é lóde òní ló fi séfútì kún un.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń ní kí n yọ séfútì náà dànù, kí n sì fi fáìlì dín hámà kù kí tírígà lè fúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí irin kankan tó kan hámà yín, ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tú ọta inú rẹ̀ dà ná. Ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, kí ìka yín jìnnà sí tírígà. Ẹ máa ṣí lífà, irin tó wà lábẹ́ ìbọn níbi tírígà, ẹ máa pa á, títí kàtíríìjì kò fi ní jáde mọ́. Ìyẹn nìkan kò tó. Inú túùbù tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn ni ọta ń gbé, ọ̀kan sì lè há síbẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ wo ẹnu túùbù, kí ẹ sì ki ọmọńdinrín yín bọ ihò tí ọta ń wọ̀. Gbogbo ọta gidi gbọ́dọ̀ kúrò nínú yàrá, ìyẹn ihò náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọta àdánwò tí kò ní ẹ̀tù sí i, kí pínnì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí hámà ń gbá kó lè gún ìdí ọta, má baà bàjẹ́.

Ó yá, Rossi. Àbúrò, sún kámẹ́rà mọ́ hámà yìí. Mo ti kọ́ọ̀kì rẹ̀ tán, ìyẹn ni pé mo ti fà á sẹ́yìn títí ó fi há. N kò fọwọ́ kan tírígà, mo fi àtàǹpàkò tì í síwájú láti ẹ̀yìn, mo sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bó bá já bọ́, ìbọn yẹn kò gbọdọ̀ rí ọta mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe.

Bí a ṣe ń sọ hámà kalẹ̀ ló gba sùúrù jù lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò di ìrù hámà mú ṣinṣin, kí ẹ fa tírígà. Bí hámà bá ti kúrò lójú kọ́ọ̀kì báyìí, ẹ tú tírígà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa rọra bá hámà lọ. Ṣé ẹ gbọ́ ìró yẹn, "kẹ́”? Ó ti há sí àbọ̀ kọ́ọ̀kì, ìyẹn àárín ọ̀nà, kó tó dé ọ̀dọ̀ pínnì. Nítorí pé ẹ tú tírígà sílẹ̀ ni, bó tilẹ̀ yọ̀ lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ni yóò há sí. Ẹ wá fa tírígà: hámà kò gbọdọ̀ mira. Ẹ má fi hámà lé orí pínnì nígbà tí ọta bá wà nínú ìbọn tí wọ́n ṣe bíi ti àtijọ́ irú èyí, torí bí nǹkan bá gbá a lẹ́yìn, ó lè yìn.

Séfútì Rossi wà lórí bóòtù, irin tó ń lọ síwá-sẹ́yìn láti ti ọta wọ yàrá. Bí ẹ bá yí i, á dí pínnì lọ́nà.

Ti Miroku yàtọ̀. Bí hámà bá ti gbá tán, òun fúnra rẹ̀ á fà sẹ́yìn díẹ̀, kò ní fara ti pínnì mọ́. Séfútì rẹ̀ wà níbi ọrùn ìdí ìbọn. Ìfàsẹ́yìn yìí ni àwọn kan ń bínú sí, wọ́n ní kì í jẹ́ kí hámà gbá ìdí ọta le tó. Bẹ́ẹ̀, àwọn kan náà ló ń wá sípíríǹgì hámà tó rọ̀, èyí tó máa mú kí ìgbá náà tún fúyẹ́ sí i!

Marlin ní bọ́tìnnì tó gba ara ìbọn kọjá. Bí séfútì bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tírígà á ṣì fà, hámà á sì já lulẹ̀, "tá!”, ṣùgbọ́n kò ní dé ọ̀dọ̀ pínnì. Ọdẹ tí kò mọ̀ á gbọ́ ìró náà, àgbọ̀nrín á sá lọ, òun á máa bú kàtíríìjì. Ẹ máa wo apá òsì: bí òrùka pupa bá hàn, ìbọn ti ṣetán láti yìn.

Ní ti fáìlì, ojú irin hámà ló le, inú rẹ̀ kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gé ojú líle yẹn kúrò, tírígà á dùn ún fà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ibi tó rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, hámà á sì máa já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní ìwé àṣẹ.

Ìgbàkígbà tí ẹ bá sì tú ìbọn láti fọ̀ ọ́, bí ẹ bá ti tò ó padà, ẹ tún gbogbo èyí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọta àdánwò, kí kàtíríìjì gidi tó padà wọ yàrá.