Yà sí Apá Kan, Kí O Wò Ó

Ojúmọ́ ire mọ́ wa o, ẹ̀yin ará. Ẹ kú àjíǹde ara.

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 3:1-4, Àìsáyà 49:14-16.

Folkestone ni mò ń gbé, ìlú kékeré kan létí òkun ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bójú ọ̀run bá mọ́ kedere, èèyàn á máa rí ilẹ̀ Faransé lódì kejì omi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe níbẹ̀, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. Bí mo bá ṣíwọ́ láàárọ̀, ó di inú bọ́ọ̀sì, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ yín tẹ́ ẹ wà lókè òkun mọ ohun tí mò ń sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, bọ́ọ̀sì fi mí sílẹ̀ lọ. Inú bí mi. Mo bá gba orí Leas, ibi títẹ́jú gbọọrọ tó wà lórí òkè, tí òkun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà òtútù ti lọ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Òdòdó aláwọ̀ yẹ́lò ń foríbalẹ̀ fún afẹ́fẹ́, àwọn ẹyẹ òkun ń pariwo bí agbèrò ní gáréèjì. Mo gba ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n là ní 1921 sọ̀ kalẹ̀. Àtọwọ́dá làwọn àpáta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn, àmọ́ ewéko ti hù lára wọn débi pé ẹni tí wọn ò bá sọ fún kò lè mọ̀.

Mo ti ń kọjá lára ọgbà onírin kan tipẹ́ láìwò ó. Lọ́jọ́ yẹn ni mo rí ìbọ̀wọ́ ọmọ ọwọ́ lórí rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ní, “Ìyá wo ló ń wá èyí kiri báyìí?” Mo nawọ́ kí n mú un. Ó tutù nini, kò sì mì. Idẹ ni! Wọ́n kùn ún kó lè jọ òwú ni. Tracey Emin, oníṣẹ́ ọnà tó dàgbà ní Margate nítòsí wa, ló ṣe é ní 2008, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ àti àwọn nǹkan ọmọ mìíràn tó fi sí kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ ìlú. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdébìnrin tó ń tètè lóyún ní irú ìlú etíkun báwọ̀nyí ló ń sọ.

Mo dúró tì í. “Obìnrin ha lè gbàgbé ọmọ ọmú rẹ̀ bí?” Olúwa ní òun ti kọ wá sí àtẹ́lẹwọ́ òun. Ìbọ̀wọ́ yẹn ò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo rántí ọmọ tèmi tó wà lọ́dọ̀ màmá mi n'Íbàdàn, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ní afẹ́fẹ́ òkun ni.

Ẹ tún wo Mósè. Àgùntàn bàbá ìyàwó rẹ̀ ló ń dà, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun náà. Igbó sì ti ń jó. Bíbélì ní ìgbà tí Olúwa rí i pé ó yà sí apá kan láti wò ó ni Ó tó pè é lórúkọ. Àṣé bí kò bá yà ńkọ́? Èmi tí mo ti ń sáré kọjá látọdún yìí wá, mélòó ni mo ti pàdánù?

Létíkun nísàlẹ̀, obìnrin onídẹ kan jókòó sórí òkúta, ó kọjú sí òkun. Mámíwọ́tà ni wọ́n pè é. Ẹ má fòyà, ẹnikẹ́ni ò bọ ọ́. Cornelia Parker, oníṣẹ́ ọnà mìíràn, ló gbé e kalẹ̀ ní 2011, ara ìyá ọlọ́mọ kan nínú ìlú náà ló sì fi ṣe àdàkọ rẹ̀, bí ara náà ṣe rí gẹ́lẹ́. Tìyanu-tìyanu ni a dá wa, àní lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ abiyamọ.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ pé òtútù kọjá lórí wa, a ò bá a lọ. Ìwọ tó fi ọgbọ́n sọ́wọ́ Bésálẹ́lì, bùkún ọwọ́ àwọn ọlọ́nà: alágbẹ̀dẹ, aládìrẹ, agbẹ́gilére. Má jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ àṣedànù.

Àwọn ọmọ tá a fi sílẹ̀ nílé nítorí àtijẹ, Olúwa, má gbé ojú rẹ kúrò lára wọn. Ọmọdébìnrin tó lóyún tí kò rẹ́ni sọ fún, rán ìyá sí i lónìí.

Ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ báyìí, fún un lókun ẹsẹ̀. Bó o bá sì fẹ́ pe ẹnikẹ́ni nínú wa lórúkọ lónìí, jẹ́ kó bá wa níbi tá a yà sí. Lórúkọ Jésù. Àmín.