Níbo Gan-an ni Ọ́ìlì Ti Ń Jò?

Ṣadé: Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará wa tó wà káàkiri òkè òkun. Ẹ̀gbọ́n Délé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó ti pẹ́ ni tòní. Ọ́ìlì ń kán sílẹ̀, òórùn ìjóná ń wọ inú ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tó ti ń wá.

Délé: A kì í wo ibi tí a ṣubú sí, ibi tí a ti kọsẹ̀ là ń wò. Ọ́ìlì máa ń ṣàn wálẹ̀ lára ẹ́ńjìnì, atẹ́gùn á sì gbá a sẹ́yìn bí ọkọ̀ ṣe ń sáré, títí á fi dé ibi tí ẹ́ńjìnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ lá ti máa kán. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ nìkan á ní síìlì ẹ̀yìn kíránkì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, ló bàjẹ́. Á sọ odidi gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, á pààrọ̀ síìlì, ọ́ìlì á sì tún máa jò.

Ṣadé: Nígbà tó jẹ́ pé òkè ló ti ń bọ̀.

Délé: Òkè ni! Gáskẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí orí ẹ́ńjìnì, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ooru ọdún púpọ̀ ti sọ rọ́bà rẹ̀ di gbígbẹ. Mánífólùdù tó ń gbé èéfín lọ sínú sáíléńsà sì wà nítòsí rẹ̀, nísàlẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ̀kán díẹ̀ péré ti tó láti mú òórùn wá, pàápàá tí ẹ bá dúró níwájú iná ojú pópó. Nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní kán sílẹ̀ rárá, torí ó ti jóná tán lórí irin.

Ṣadé: Báwo la ṣe máa mú un?

Délé: Ẹ fọ ẹ́ńjìnì ná. Kó tutù, kí ẹ fi báàgì náílọ́ọ̀nù bo alternator tó ń pèsè iná ọkọ̀ àti ibi tó ń fa atẹ́gùn. Ẹ fín oògùn tó ń tú gíríìsì sí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, kí ẹ fi omi tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ ṣàn án. Tó bá gbẹ, ẹ tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀. Ibi tó ga jù lọ tí ọ́ìlì tuntun bá wà, ibẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ da aró tó ń tàn lábẹ́ iná UV sínú ọ́ìlì, nǹkan bíi mílílítà 30 fún lítà 4 sí 5. Ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ fi iná UV wò ó nínú òkùnkùn.

Ṣadé: Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì ló rin fún ọ́ìlì lóòótọ́ ńkọ́?

Délé: Ẹ yẹ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára ọ́ìlì wò, àti ìdí fíltà. Rọ́bà fíltà àtijọ́ lè lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì nígbà tí wọ́n ń yọ ọ́. Tí wọ́n bá wé tuntun lé e, rọ́bà di méjì, yóò jò. Nínú ẹ́ńjìnì V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) tó ti dàgbà, ẹ wo ẹ̀yìn mánífólùdù tó ń gbé atẹ́gùn wọlé.

Ṣadé: Àwọn kan pààrọ̀ síìlì, láìpẹ́ òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Délé: Èyí ló ń dùn mí jù, torí owó ńlá ni wọ́n ń ná lásán. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ mí! Gáàsì máa ń yọ́ kọjá lára píṣítìnì lọ sísàlẹ̀, ọ̀nà tó sì máa ń gbà jáde nínú ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù ni fáàfù kékeré tí wọ́n ń pè ní PCV. Tí ìdọ̀tí bá dí i, gáàsì á kóra jọ, á ti ọ́ìlì gba ojú síìlì tó bá rọ jù. Torí náà, kí ẹ tó ra síìlì kankan, ẹ tan ọkọ̀, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ gbé bébà fẹ́lẹ́ lé ojú rẹ̀. Ó yẹ kó fà á mọ́ra díẹ̀. Tó bá ń tì í sókè, PCV tàbí hóòsì rẹ̀ ti dí, tàbí kí ríǹgì píṣítìnì ti jẹ.

Ṣadé: Ṣé gbogbo ohun tó ń kán ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnì?

Délé: Rárá. Ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Tó bá pupa, gíábọ́ọ̀sì ọtomátíìkì tàbí páwà sítíà ni. Tó bá ń rùn bí imí-ọjọ́, ọ́ìlì díférẹ́ńṣà, ìyẹn gíà tó ń pín agbára fún àwọn táyà, ni. Tí òórùn rẹ̀ bá dùn, omi rédíétọ̀ ni. Níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù, ẹ wo súmpù (abọ́ ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnì) àti páìpù tó ń mú ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì tutù. Ìpẹtà máa ń lu wọ́n.

Ṣadé: Òórùn ìjóná tí kì í ṣe ti ọ́ìlì ńkọ́?

Délé: Bí rọ́bà bá ń jó, ẹ wo fáńbẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ pé táyà kan ló gbóná gan-an ju ìkejì rẹ̀ lọ, kálípà bíréékì ló há. Bí wáyà bá ń jó, ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ yọ orí bátìrì.

Ṣadé: Tí wọ́n bá fẹ́ fúnra wọn pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì?

Délé: Ẹ má fi agbára dì í. Ìwọ̀n agbára tí a fi ń dì bóòtù tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà kì í sábà ju nǹkan bíi 10 Nm (niútónù-mítà) lọ. Ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ iye rẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá dì í jù, kọ́fà á tẹ̀, jíjò á le sí i. Ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dá lé jáàkì nìkan.

Ṣadé: Títí dìgbà náà, ṣé wọ́n lè máa wà á?

Délé: Tó bá jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀ ni, ẹ máa wo gééjì ọ́ìlì ní àràárọ̀, kí ẹ fi kún un kó tó dé àmì ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èéfín bá ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tàbí hóòsì páwà sítíà ń tú sórí mánífólùdù, ẹ má wà á rárá. Ìyẹn lè gbiná.