Kóòdù Ti Gbogbo Ayé, Orúkọ Ti Ta?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kóòdù ros2_control, sọ́fítíwíà tó ń darí ara róbọ́ọ̀tì, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́, lábẹ́ ìwé àṣẹ Apache 2.0. Ẹnikẹ́ni lè mú un, kó tún un ṣe, kó tiẹ̀ fi pawó. Kí ló wá dé tí àwọn tó ń ṣe é fi wọ abẹ́ àsíá Open Source Robotics Alliance, ìyẹn OSRA, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó sọ́fítíwíà róbọ́ọ̀tì ọ̀fẹ́? Kí ni ohun ọ̀fẹ́ ń wá lábẹ́ àsíá?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ rẹ̀. Bí róbọ́ọ̀tì bá fẹ́ gbé apá, kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ibi tí oríkèé kọ̀ọ̀kan wà, kó ṣírò ibi tó kàn, kó pàṣẹ fún mọ́tò iná tó ń yí oríkèé náà, kó sì tún padà sórí kíkà. Èyí lè tó ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. ros2_control ló ń darí àyípoyípo yìí. Nítorí rẹ̀, ètò ìdarí tí ẹ kọ fún apá róbọ́ọ̀tì kan lè ṣiṣẹ́ lára òmíràn, bí ẹnì kan bá ti kọ èyí tó ń bá hádíwíà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń du ọjà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ló jọ ń lò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìṣàkóso: ta ni yóò sọ pé àtúnṣe ti lágbájá wọlé, ti tàmẹ̀dù kò wọlé?

Sọ́fítíwíà ROS (Robot Operating System) tí ros2_control dúró lé lórí ti rí èyí rí. Ọdún 2007 ló bẹ̀rẹ̀, iléeṣẹ́ Willow Garage ní Menlo Park, ìpínlẹ̀ California, ló tọ́ ọ dàgbà pẹ̀lú róbọ́ọ̀tì PR2. Ní 2012 wọ́n dá àjọ OSRF (Open Source Robotics Foundation) sílẹ̀ láti máa bójú tó ROS, àjọ tí kì í ṣe fún èrè. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Willow Garage fi kógbá sílé. Bí kò bá sí àjọ náà, mi ò mọ ọwọ́ ẹni tí orúkọ ROS ì bá bọ́ sí.

Ní oṣù Kejìlá 2022, Intrinsic, iléeṣẹ́ tó wà lábẹ́ Alphabet tó ni Google nígbà náà, kéde pé òun ń ra OSRC, apá aládàáni tí OSRF dá sílẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀ ní Singapore. Àwọn kan pariwo pé Google ti ra ROS. Rárá o. Àwọn òṣìṣẹ́ ló lọ. OSRF fúnra rẹ̀ kò sí lórí àtẹ, torí irú àjọ bẹ́ẹ̀ kò ní onípìn-ín tó lè tà á.

Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣí lọ, sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí kóòdù wà lórí wọn, sì ń jẹ owó. Ní oṣù Kẹta 2024, OSRF gbé OSRA kalẹ̀, wọ́n wo àpẹẹrẹ Linux Foundation àti Eclipse, àwọn àjọ tó ń bójú tó sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ a máa san owó ìdọ́mọẹgbẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, Intrinsic, NVIDIA àti Qualcomm wà nípò tó ga jù. Bẹ́ẹ̀ ni o, Intrinsic tó kó òṣìṣẹ́ lọ náà ló tún wá ń sanwó nígbà náà. Ẹ lè fura sí i, èmi náà fura díẹ̀. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó tirẹ̀, ohun tí èèyàn ti ṣe sínú kóòdù ló ń gbé e débẹ̀, kì í ṣe ìwé sọ̀wédowó.

Kì í ṣe gbogbo abẹ́ àsíá ló bá gbogbo èèyàn mu ṣá. Ní 2014, Linux Foundation dá Dronecode sílẹ̀ fún sọ́fítíwíà drone, ArduPilot àti PX4 sì jọ wà níbẹ̀. ArduPilot ń lo ìwé àṣẹ GPL: bí o bá tún kóòdù rẹ̀ ṣe tó o tà á nínú ẹ̀rọ, o gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní kóòdù tó o tún ṣe. Ti PX4, BSD, kò béèrè ìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí oníṣòwò yóò yàn. Ní 2016, ArduPilot bá tirẹ̀ lọ. Abẹ́ Software in the Public Interest ló wà báyìí, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997 nítorí Debian, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux ọ̀fẹ́. Àjọ yìí ń bá wọn tọ́jú owó àti dúkìá, kì í dá sí bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù wọn. Lójú tèmi, ArduPilot kò ṣìṣe. ros2_control kò ní irú ìjà yẹn láti jà, torí ìwé àṣẹ rẹ̀ kò ta ko ti àwọn ará ilé tuntun.

Kí ni àwọn tó ń ṣe ros2_control wá ń jèrè? Àjọ tí òfin mọ̀ bí ẹni, tó lè dúró fún wọn. Àwọn tó ń kọ kóòdù pọ̀ káàkiri ayé, àmọ́ àwùjọ olùkọ kóòdù tí kò forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ níbì kankan kò lè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórúkọ àwùjọ náà, wọn kò lè gba ẹ̀bùn owó, wọn kò lè gbẹ́jọ́ lọ sí kóòtù bí oníjìbìtì bá ń fi orúkọ wọn tajà. Ó dà bí ẹgbẹ́ tó ń kó owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sínú àkáǹtì akápò: bí akápò bá kú, ẹbí rẹ̀ ni báńkì mọ̀.

Ohun tí wọ́n sì ń fi sílẹ̀ nìyí: ìpàdé á pọ̀ sí i, ìwé òfin á wà, wọn ò sì ní lè ṣe ìpinnu ńlá láàárín ẹni méjì lórí tẹlifóònù mọ́. Ní ti kóòdù tó ń wọlé lójoojúmọ́, àwọn tó ń kà á tí wọ́n sì ń buwọ́ lù ú tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń ṣe é.