Ọ̀wọ̀n Ìtúndarapọ̀ Yaoundé: ìdí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo àwòrán yìí. Ọ̀wọ̀n Ìtúndarapọ̀ nìyẹn, ní Yaoundé, olú-ìlú Kamẹrúùnù. Òkè ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Ẹ fi òkè sílẹ̀ ná! Ìdí rẹ̀ lẹ máa wò. Ọ̀nà méjì ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá ń lọ́ lọ sókè bí ejò, títí wọ́n fi di ọ̀kan ṣoṣo.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣì í nìyí. Ẹni tí mo bá bi á ní ọ̀wọ̀n òmìnira ni. Kì í ṣe ọ̀wọ̀n òmìnira! Mo tún un sọ: KÌ Í ṢE Ọ̀WỌ̀N ÒMÌNIRA! Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1960 ni apá tó wà lábẹ́ Faransé gba òmìnira. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1961 ni ọ̀wọ̀n yìí ń rántí, ọjọ́ tí Gúúsù Kamẹrúùnù, tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, dara pọ̀ mọ́ wọn. Jámánì ló ni gbogbo ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ló sọ ọ́ di ohun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín. Apá àríwá tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ìbò oṣù kejì ọdún 1961 ló gbé e wá sí Nàìjíríà. Mubi àti Gembu tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn, ara rẹ̀ ni!

Ère kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: bàbá arúgbó gbé ògùṣọ̀ sókè, àwọn ọmọdé rọ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ̀yà Bamileke, Beti, Fúlàní, Bakweri, èdè tó lé ní 200, gbogbo wọn ni bàbá yẹn gbé.

Bàbá bàbá mi máa ń lọ́ okùn, èmi ni mo máa ń bá wọn di ìdí rẹ̀ mú. Tí wọ́n bá fa fọ́nrán kan le ju èkejì lọ, okùn náà á ká kò, kò ní ṣeé so ewúrẹ́ mọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìjọba àpapọ̀ alápá méjì ni apá Faransé àti apá Gẹ̀ẹ́sì Kamẹrúùnù jọ fọwọ́ sí ní 1961. Ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1972, ìbò tí Ààrẹ Ahidjo pè fòpin sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn, nínú àwọn ọdún 1970 náà, ni ọ̀wọ̀n yìí dìde! Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní wọ́n ti gbé àwọn mì. Lọ́dún 2016, àwọn lọ́yà àti tíṣà wọn bọ́ sí ìgboro. Ó di ìbọn, ó di ìsáǹsá. Ó dùn mí púpọ̀. Àwọn kan lára wọn ṣì ń bèèrè fún àdéhùn 1961; àwọn mìíràn ní àwọn ò bá wọn ṣe mọ́ rárá.