Nígbà Tí Ọ̀rá Ò Bá Gbọ́rọ̀ Sí Ínsúlíìnì Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá ti dárúkọ àtọ̀gbẹ, ṣúgà ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Ṣúgà là ń wọ̀n, ṣúgà là ń ṣọ́. Lónìí, ọ̀rá ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ti ń bàjẹ́ tójú wa ò tó o.

Bí ẹ bá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, ìṣù ọ̀rá kan ṣoṣo ló gba gbogbo inú rẹ̀, tó ti ohun yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ó rò pé àká lásán ni. Àká ni lóòótọ́, àmọ́ àká tó ń gbọ́rọ̀, tó sì ń fèsì ni.

Tá a bá jẹun tán, ínsúlíìnì, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe láti fi darí ṣúgà, á so mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì yìí, á pàṣẹ méjì fún un. Purotéènì kan tó ń jẹ́ GLUT4, tó ti sá pamọ́ sínú lọ́hùn-ún, á gòkè wá sí awọ sẹ́ẹ̀lì, á máa gba ṣúgà wọlé. Àṣẹ kejì ni mo kà sí jù: kí ọ̀rá má yọ́ mọ́. Lóru tá ò jẹun, tàbí tí jìnnìjìnnì bá bò wá tí adirẹnalíìnì ru, ọ̀rá máa ń yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ kí ara lè rí nǹkan lò. Ínsúlíìnì díẹ̀ ti tó láti dá a dúró.

Nínú àtọ̀gbẹ irú kìíní, ínsúlíìnì fúnra rẹ̀ ni kò sí. Ọ̀rá á wá máa yọ́ ṣáá, ẹ̀dọ̀ á máa sọ ọ́ di èròjà kíkan kan tó ń jẹ́ kítónì, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí wọn ò tíì mọ àrùn rẹ̀ fi ń rù hangogo, tí èémí rẹ̀ á máa rùn bí èso tó pọ́n jù. Ikú ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀, títí wọ́n fi gún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì ní Toronto lọ́dún 1922.

Irú kejì yàtọ̀. Ínsúlíìnì wà, ó tiẹ̀ lè pọ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá kọ etí dídi sí i. Nígbà tó bá kún jù, àwọn kan á kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn á sì rọ̀gbà yí wọn ká, wọ́n á máa tú purotéènì kan tó ń jẹ́ TNF-alpha jáde, èyí tó ń da ọ̀nà tí àṣẹ ínsúlíìnì ń gbà rú. Gökhan Hotamisligil àti Bruce Spiegelman wà lára àwọn olùṣèwádìí tó fi èyí hàn lára eku lọ́dún 1993. Nígbà tí wọ́n dán oògùn tó ń dènà TNF-alpha wò lára àwọn alátọ̀gbẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ jọ wọ́n lójú. Eku kì í ṣe èèyàn.

Èsì tí ọ̀rá ń fọ̀ náà á dàrú. Leptin, èròjà tí ọ̀rá fi ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ti tó, tí yàrá ìwádìí Jeffrey Friedman ṣàwárí lọ́dún 1994, á pọ̀ sí i, ọpọlọ ò sì ní kà á sí. Adiponectin, tó ń ran ẹ̀dọ̀ àti iṣan lọ́wọ́ láti gbọ́ ti ínsúlíìnì, á dín kù bí ọ̀rá ṣe ń pọ̀. Ọ̀rá tí kò ríbi gbé á wá ya wọ ẹ̀dọ̀ àti iṣan.

Ẹni tó bá ní ọ̀rá lọ̀tá, kó wo àwọn tí wọ́n bí láìní ọ̀rá lára. Àtọ̀gbẹ tiwọn le ju ti ọ̀pọ̀ lọ, torí kò síbi tí wọn yóò kó ọ̀rá sí, ẹ̀dọ̀ ló ń gbà á. Leptin alábẹ́rẹ́ ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2014.

Ẹnì kan bi mí bóyá kóun kúkú lọ fa ọ̀rá ikùn jáde, bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ékòó báyìí. Wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2004, wọ́n fa nǹkan bíi kílò 10 ọ̀rá lára obìnrin 15 tó sanra, àwọn kan nínú wọn sì ní àtọ̀gbẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10 sí 12, ara wọn ò gbọ́ ti ínsúlíìnì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rá abẹ́ awọ ni wọ́n fà. Ti inú ẹ̀dọ̀ ò kúrò, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù sì kún dẹ́múdẹ́mú síbẹ̀. Ẹni tó bá dín oúnjẹ kù, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá rẹ̀ ló ń súnkì, ti inú ẹ̀dọ̀ sì wà lára èyí tó ń tètè lọ.