Wíwá Ìtàn Àwọn Òkè Ilẹ̀ Òkun nínú Ilé Ìkàwé Yunifásítì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ pésẹ̀ sí Kàbà lónìí, òkun o. Ìwé tó sọ nípa àwọn òkè wa kò ṣọ̀wọ́n tó bí a ṣe rò. Orúkọ tí wọ́n fi tò ó ni kò bá Òkun mu, èyí tí àwa ọmọ Yorùbá agbègbè Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogi ń pe ara wa.

Ìwọ̀nba ni ẹni tó bá tẹ “Òkun” sínú kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé yóò rí, nítorí pé Yàgbà, Bùnú, Ìjùmú, Owé àti Ọ̀wọ̀rọ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ ń kọ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú pẹ̀lú sípẹ́lì tirẹ̀. Nínú ìwé tí Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì tó ń ṣèwádìí èdè, tẹ̀ jáde ní 1854, tó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú tí wọ́n ń gbé ní Freetown, “Dsumu” ni Ìjùmú.

Ọ̀rọ̀ ìjọba tún wà ńbẹ̀. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ẹkùn Kàbà wà títí di 1967, a bọ́ sí Kwara, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fáìlì àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fi wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kàdúná. Ọ̀nà tó yá jù dé ibẹ̀ ni àpilẹ̀kọ oyè dókítà tó wà ní yunifásítì: ẹ ka ìtọ́ka ìsàlẹ̀ ojú-ìwé rẹ̀, bí ẹ bá sì rí “Lokoprof”, àmì fáìlì ọ́fíìsì Lọ́kọ́ja nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tó tẹ̀lé e.

Mo rọ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn pé kó dé selifu àwọn onímọ̀ àpáta pẹ̀lú. Àpáta líle àtayébáyé ló pọ̀ jù ní apá Kàbà àti Ìjùmú, ṣùgbọ́n òkè Agbaja àti Patti nítòsí Lọ́kọ́ja tẹ́jú lórí, iyanrìn tó dì ni wọ́n, Agbaja sì ní òkúta irin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn awakùsà nìkan. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídá ń kó ìlú wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibi tí ẹṣin kò lè gùn ni àwọn baba wa sá lọ. Ẹ tẹ́ máàpù Kàbà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 246, sórí tábìlì. Sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan lórí ilẹ̀. Ibi tí àwọn ìlà tó ń fi gíga hàn bá ti há mọ́ra, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà le níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí omi wà nítòsí, kí ẹ tó wá àlàpà lọ.

Síbẹ̀, n kò fara mọ́ ọn pé ogun Núpé ló kọ́kọ́ gbé ènìyàn dé ibẹ̀. Lábẹ́ àpáta Itaakpa ní Iffe-Ìjùmú, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àpáàdì àti irinṣẹ́ òkúta, ibùgbé náà sì ti lé ní 2,000 ọdún. Bí a bá ka fáìlì ajẹ́lẹ̀ nìkan, ìsáǹsá nìkan ni a ó máa pe àwọn ará òkè. Ìwé àwọn awalẹ̀pìtàn ló fi hàn pé onílé ni wọ́n.