Bí Kókó Ṣe Ń Yọ Lára Kíróṣé

Ẹ kú ìjókòó o. Lónìí, a fẹ́ hun kókó sára kíróṣé, iṣẹ́ òwú tí a ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ hun: àwọn kókó roboto tó máa ń yọ lára fìlà ọmọ tuntun àti báàgì, téèyàn bá rí i, yóò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bobble stitch lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn òyìnbó. Tí ẹ bá ti mọ ṣéènì, single crochet àti double crochet, ẹ ti mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ ó ṣe tò ó ló kù.

Kí ẹ tó mú abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń mú kókó yọ, torí ẹni tó bá mọ èyí kò ní há àpẹẹrẹ, ìyẹn ìlànà híhun tí wọ́n kọ sílẹ̀, sórí. Double ga, single kúrú. Tí ẹ bá ki double márùn-ún sínú ojú ìhun kan ṣoṣo, tí single sì há a mọ́ lọ́tùn-ún lósì, kò ráyè nà sókè mọ́. Tí èèyàn márùn-ún bá jókòó sáyè ẹni mẹ́ta nínú dánfó, ẹnì kan á yọ èjìká síwájú. Bí ti kókó ṣe rí nìyẹn. Apá iṣẹ́ tí kò kọjú sí yín ló sì máa ń yọ sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀yìn iṣẹ́ bá kọjú sí wa la máa ń hun ún.

Ibí ni mo ti fẹ́ kìlọ̀ nípa orúkọ. Ti Amẹ́ríkà ni mò ń lò. Ohun tí wọ́n ń pè ní single lọ́hùn-ún, double ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Double ti Amẹ́ríkà sì ni treble tiwọn. Tí ẹ bá ka àpẹẹrẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti Amẹ́ríkà, ojú tó yẹ kó kúrú á ga, kò ní sí ohun tó máa há kókó mọ́, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ó yá. Ẹ lo òwú tó sanra díwọ̀n, tí kò nírun lára, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ lè rí ojú rẹ̀, àti abẹ́rẹ́ 5 mm. Ẹ ta ojóbó, ẹ fa ṣéènì 20. Ẹ fo èyí tó sún mọ́ abẹ́rẹ́, kí ẹ hun single kọ̀ọ̀kan sínú ìyókù. Ojú 19 nìyẹn. Ẹ fa ṣéènì kan, ẹ yí iṣẹ́ padà.

Ìlà kejì: single 3. Kókó ló kàn. Ẹ wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́, ẹ ki í bọ ojú tó kàn, ẹ fa òwú jáde. Ojóbó mẹ́ta ló wà lórí abẹ́rẹ́. Ẹ tún wé òwú, ẹ fà á gba inú méjì kọjá. Ó ku méjì. Ẹ má parí rẹ̀ o! Ẹ padà sínú ojú yẹn kan náà, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́rin sí i, títí ojóbó á fi pé mẹ́fà. Ẹ wé òwú, kí ẹ fà á gba inú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ibi tó ń lé àwọn èèyàn sá nìyí, torí abẹ́rẹ́ á máa há. Ẹ máa fa ojóbó kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀ bí ẹ ṣe ń hun ún, kí gbogbo wọn ga dọ́gba. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fà á já, ẹ fi ìka òsì di ìdí kókó mú, ẹ dojú ìkọ́ abẹ́rẹ́ kọlẹ̀, á yọ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Single tó tẹ̀ lé e, ẹ fún un dáadáa, òun ló ń ti kókó mọ́lé.

Ẹ tún hun single 3, kókó 1, bẹ́ẹ̀ títí dópin. Single 3 ló máa parí rẹ̀.

Ìlà kẹta, single lásán ni. Ẹ kà á: orí kókó kọ̀ọ̀kan, ojú kan péré ló ní. Tí ẹ bá bá 20 tàbí 18, orí kókó ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò.

Ìlà kẹrin: single 1, kókó 1, lẹ́yìn náà single 3, kókó 1, títí tí yóò fi ku ojú kan fún single. Àwọn kókó tuntun á bọ́ sáàárín ti ìsàlẹ̀. Single lásán ni ìlà karùn-ún, kí ẹ tó padà sí ìlà kejì.

Kókó máa ń jẹ òwú gan-an, nítorí náà ẹ ra òwú sílẹ̀ kí àwọ̀ kan náà má lọ wọ́n yín lọ́jà. Ẹ̀yin tí ẹ ń hun fún títà, mo bẹ̀ yín, ẹ ka òwú yìí àti àkókò yín mọ́ owó. Oníbàárà tó ń náà á sí owó báàgì lásán kò mọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe.

Ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ òwú acrylic, ìyẹn òwú àtọwọ́dá. Ooru á pa kókó náà, kò sì ní dìde mọ́. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ fi táwẹ́lì fún omi rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ ìbòòji. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi ìka ti àwọn kókó láti ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbẹ ní ìdúró.